Orí Keje: Téèpù, Èéfín àti Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ilé Ìdáná

Ilé ìdáná ìyá tó bí ìyá mi kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí, kí ìkòkò sì wà láàárín wọn. Ẹ̀yìn ilé ló wà. Ògiri amọ̀ ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kò sì tóbi ju ìwé ìròyìn tí a ká sí méjì lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á ti fèrèsé náà. Bí a bá wọlé tọ̀ wọ́n nígbà tí ẹwà bá wà lórí iná, omi á ti máa bọ́ lójú wa kí a tó kí wọn tán. Ìyá àgbà kò ka èyí sí nǹkan kan. Wọ́n ní èéfín ló ń lé ẹ̀fọn, òun náà ló sì ń bá àwọn tọ́jú àgbàdo tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ikọ́ tí wọ́n máa ń wú ní òwúrọ̀, gbogbo ilé gbà pé ikọ́ àgbà ni.

Mo ti dàgbà kí n tó ronú pé ohun dúdú tó lẹ̀ mọ́ páànù yẹn kò lè mọ lára páànù nìkan. Èémí tí ìyá àgbà ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, inú èéfín kan náà ló ń gbà kọjá. Ká ní mo ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ nígbà náà, ǹ bá gbé e kọ́ ara ògiri, ǹ bá sì mọ bí èéfín náà ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ti wọn nìkan ni ǹ bá mọ̀. Ilé ìdáná aládùúgbò wọn ńkọ́? Ìlú tó kàn ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àti pé ó lé ní 237,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ sínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀? Ohun tí orí yìí dá lé nìyẹn: bí a ṣe ń fi ìṣirò mọ afẹ́fẹ́ inú ilé tí a kò wọ̀, àti ibi tí ìṣirò náà ti lè tàn wá jẹ.

Alásè tó gba iṣẹ́ ìnáwó tí 500 ènìyàn máa wá kì í lọ bi àlejò kọ̀ọ̀kan léèrè iye ṣíbí tó máa jẹ. Ó mọ ìwọ̀n ìrẹsì tí àgbàlagbà ń jẹ, ó mọ̀ pé àwọn ọmọdé á wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn kan á di tiwọn lọ sílé. Ó ti dáná ìnáwó tó pọ̀ kọjá, ojú rẹ̀ sì ti là sí i. Ó ṣírò, ó sì ra ìrẹsì. Bó bá ṣírò rẹ̀ re, oúnjẹ á kárí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣírò afẹ́fẹ́ inú ilé fún odindi orílẹ̀-èdè ń ṣe ohun tí alásè yìí ń ṣe, àfi pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ òótọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpìlẹ̀ ìṣirò náà kò le. Ẹ gbé garawa kan tí ìdí rẹ̀ ti lu sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sínú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, omi inú garawa á máa gòkè. Bó ti ń gòkè ni èyí tó ń jò nísàlẹ̀ á máa yára sí i, nítorí pé omi tó wà lókè ń ti tìsàlẹ̀ jáde. Tó bá yá, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde á dọ́gba, omi á sì dúró sójú kan. Ẹ ṣí ẹ̀rọ sí i, omi á tún gòkè. Ẹ lu ihò míì, á wálẹ̀. Ẹ ti ẹ̀rọ pa, garawa á gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ilé ìdáná ni garawa yẹn. Iná ni ẹ̀rọ omi, èéfín sì ni omi tó ń ṣàn. Fèrèsé, ilẹ̀kùn àti àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù ni ihò ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá mọ bí iná ṣe ń tú èéfín jáde sí ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ mọ bí yàrá náà ṣe tóbi tó, tí ẹ sì mọ iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pààrọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ lè ṣírò bí èéfín inú rẹ̀ á ti pọ̀ tó nígbà tí iná bá ń jó. Tí ẹ bá wá mọ iye wákàtí tí wọ́n fi ń dáná lójúmọ́, ẹ ti mọ ti odindi ọjọ́. Ọmọ ilé-ìwé girama lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ohun tí a ń wọ̀n ni erukuru tí wọ́n ń pè ní PM2.5, tó kéré débi pé bí a bá to bí 30 nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò fẹ̀ ju okùn irun orí kan lọ. Kíkéré rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kó léwu: irun imú kò lè dá a dúró, ọ̀fun kò lè hú u jáde, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń balẹ̀ sí. Ilé ìdáná àkọ́kọ́ gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, ó sì ga ní mítà 2.5. Ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 30. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pààrọ̀ ní ìgbà 15 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, afẹ́fẹ́ tuntun tó tó kún yàrá náà ń wọlé. Wákàtí 4 ni wọ́n ń dáná lóòjọ́. Sítóòfù tó wà níbẹ̀ mọ́ gan-an, mílígírámù 0.23 péré ni erukuru tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Ní wákàtí kan, sítóòfù yìí á tú mílígírámù 13.8 jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú yàrá kọjá láàárín wákàtí kan náà jẹ́ kúbíìkì mítà 450. Ẹ pín ìkíní sí ìkejì: bí máíkírógírámù 31 ni yóò wà nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná bá ń jó. Ṣùgbọ́n wákàtí 4 nínú 24 nìkan ni iná fi jó, nítorí náà tí a bá tan án ká gbogbo ọjọ́, ó kù bíi 5.

Ẹ gbé sítóòfù yẹn kan náà lọ sí ilé ìdáná kejì. Eléyìí gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 2, gíga rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kúbíìkì mítà 10 ni. Fèrèsé rẹ̀ kékeré, ìgbà 5 péré ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ ní wákàtí kan. Ìyá tó ni ín ń ta oúnjẹ, nítorí náà wákàtí 6 ló fi ń dáná. Kúbíìkì mítà 50 péré ni afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ilé ìdáná tirẹ̀ kọjá ní wákàtí kan. Mílígírámù 13.8 kan náà nínú 50 jẹ́ máíkírógírámù 276 nígbà tí iná bá ń jó. Tí a bá tan án ká gbogbo ọjọ́, ó jẹ́ 69.

Sítóòfù kan náà ni. Epo kan náà ni. Ṣùgbọ́n èéfín tí ìyá kejì ń fà símú ju ti ìkíní lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀.

Ìṣirò kékeré yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání jáde nínú orí yìí, nítorí pé gbogbo ìjíròrò nípa "ilé tó wà láàárín" ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n wọn ilé méjì yìí, kí wọ́n sì pín in sí méjì, wọ́n á rí 37. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú 37. Ìyá kan wà nínú 5, ìkejì wà nínú 69. Mo ti ka ìròyìn tó pọ̀ tó jẹ́ pé nọ́ńbà àárín yìí nìkan ni wọ́n kọ síwájú, n kò sì rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè rí gbogbo ilé tó wà láàárín 5 àti 69, àti àwọn tó kọjá 69 pàápàá? Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ti wà láti ọdún 1946. Onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Stanislaw Ulam ṣàìsàn líle ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, ó ń fi káàdì ta ayò tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ta. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, nínú ìgbà 100 tí mo bá ta ayò yìí, ìgbà mélòó ni mo lè jẹ? Ó gbìyànjú láti fi ìlànà ìṣirò wá ìdáhùn rẹ̀, ó rí i pé ó díjú jù. Ó wá sọ pé: kí ló dé tí n kò kàn ní ta á ní ìgbà 100 kí n sì ka iye tí mo jẹ? Ó sọ ọ́ fún akẹgbẹ́ rẹ̀, John von Neumann, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ṣe é nínú iṣẹ́ átọ́míìkì tí wọ́n ń ṣe ní Los Alamos. Nicholas Metropolis, akẹgbẹ́ wọn, ló dá a lábàá pé kí wọ́n máa pè é ní Monte Carlo, ìlú tí ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ lókìkí, nítorí pé Ulam ní mọ̀lẹ́bí kan tó máa ń yá owó nítorí pé ó fẹ́ lọ síbẹ̀.

Kí ẹ lè rí bí a ṣe ń lo ọgbọ́n yìí fún ilé ìdáná, ẹ fojú inú wo igbá mẹ́ta. Nínú igbá kìíní, ẹ kó bébà tí wọ́n kọ títóbi ilé ìdáná sí, láti kúbíìkì mítà 5 títí dé 100. Nínú ìkejì, ẹ kó iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ ní wákàtí kan, láti 5 dé 45. Nínú ìkẹta, ẹ kó iye wákàtí tí wọ́n fi ń dáná lójúmọ́, láti ìṣẹ́jú 45 dé wákàtí 8. Bébà tó súnmọ́ àárín pọ̀ nínú igbá kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun kò pọ̀. Ẹ dijú, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ti kọ́ ilé kan nìyẹn. Ẹ ṣírò èéfín rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá bébà padà, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ tún mú. Ilé kejì nìyẹn. Kọ̀ǹpútà lè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ilé bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú: ilé tí kò ní òrùlé, tí kò sí onílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ilé tó wà ní tòótọ́, nítorí pé inú ilé ìdáná gidi tí àwọn ènìyàn lọ wọ̀n ni àwọn nọ́ńbà inú igbá ti wá.

Ìlànà yìí ni WHO tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n gbé òfin ìtọ́sọ́nà wọn jáde lórí epo ìdáná inú ilé ní ọdún 2014. Ìbéèrè wọn ṣe pàtàkì. Wọn kò béèrè bí èéfín ṣe pọ̀ tó nínú ilé tó wà láàárín. Wọ́n bi ara wọn pé: báwo ni sítóòfù ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó kí ilé 90 nínú 100 tó lè wà lábẹ́ ààlà? Ààlà ìgbà náà jẹ́ máíkírógírámù 10 nínú kúbíìkì mítà, tí a bá ṣírò ti ọdún kan. Ìdáhùn tó jáde nínú igbá ni mílígírámù 0.23 ní ìṣẹ́jú kan fún sítóòfù tí kò ní ihò èéfín. Ìyẹn gan-an ni sítóòfù tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè. Fún èyí tó ní ihò èéfín tó yọ síta lórí òrùlé, wọ́n gbà á láyè dé 0.80, nítorí pé bí ìdá mẹ́rin kan èéfín irú sítóòfù bẹ́ẹ̀, ní ìwọ̀n àárín, ṣì ń padà sínú yàrá. Igi ìdáná tó ń jó láàárín ààrò mẹ́ta kò lè súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Nínú òfin ìtọ́sọ́nà yẹn kan náà ni WHO ti sọ pé kí a má fi èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ dáná nínú ilé, wọ́n sì rọ̀ wá pé kí a jáwọ́ nínú kẹrosíìnì pẹ̀lú.

Ẹ tún wo 90 nínú 100 yẹn dáadáa. Wọ́n ti gbé sítóòfù tó mọ́ gan-an síbẹ̀, síbẹ̀ ilé 10 ṣì wà lókè ààlà. Ta ló ń gbé inú 10 yẹn? Igbá mẹ́ta náà ti sọ ọ́ fún wa: ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ kéré, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tó sì ń dáná pẹ́. Akúṣẹ̀ẹ́ ni, olóúnjẹ títà ni, ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ni. Ìyá àgbà mi ni. Ní ọdún 2021 sì rèé, WHO tún fa ààlà náà wálẹ̀ láti 10 sí 5, nítorí pé ìwádìí fi hàn pé erukuru yìí ń pa ni lára ní ìwọ̀n tó kéré ju bí a ṣe rò lọ. Ilé ìdáná àkọ́kọ́ tí mo ṣírò, èyí tó láyè, tó sì ní atẹ́gùn, ti wá dúró gẹ́lẹ́ lórí ààlà.

Ìṣirò kì í dára ju ohun tí a kó sínú igbá lọ. Ẹ wo ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí, tó wọ agboolé kan pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá onílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wákàtí mélòó lẹ fi ń dáná lójúmọ́?"

"Ọmọ mi, ta ló ń ka wákàtí? Tí mo bá gbé e kaná, mo máa sọ̀ ọ́ tó bá jinná."

"Ẹ má bínú, mà. Bíi wákàtí mélòó ni?"

"Ó dáa, kọ méjì."

Ó kọ méjì. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti gbàgbé omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ní ìdájí, ó ti gbàgbé àgbo tó ń hó lọ́sàn-án, ó ti gbàgbé pé èédú ṣì ń rú nínú kóólùpọ́ọ̀tù lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Bí gbogbo ìyá tó wà ní àdúgbò bá dín wákàtí wọn kù bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tí kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa mọ́ ju ilé gidi lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́ fi ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ sítóòfù láti máa ṣọ́ ooru rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé omi ìwẹ̀.

Àwòṣe onígarawa yìí tún gba àwọn nǹkan kan gbọ́ tí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ó gbà pé èéfín ń pò pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹ da ṣúgà sínú omi gbígbóná. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín á kọ́kọ́ lọ kó jọ sábẹ́ òrùlé, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ná sì ń gba tirẹ̀ lójú gan-an, pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ó tún gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń ti ìta wọlé mọ́. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí àwa tí a ti gbé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó mọ ohun tó wà níta. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà níta. Ààtàn tí wọ́n sun wà níta. Ìgbà ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá. Nínú ilé tí wọ́n ń pè ní "face-me-I-face-you", ibi tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú síra wọn lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, fèrèsé èmi ni èéfín tìrẹ ń gbà wọlé. Bí ìyàwó ilé kan bá ra gáàsì, tí àwọn mẹ́sàn-án tó kù sì ń lo kẹrosíìnì àti èédú, ẹ ti ẹ̀rọ omi kan pa ni, ṣùgbọ́n omi mẹ́sàn-án ṣì ń ṣàn sínú garawa kan náà.

Wọ́n rí irú nǹkan yìí ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade ti University of Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kó aláboyún 324 jọ, tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn lórí. Wọ́n fún ìdajì ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, ìdajì yòókù ń bá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù bí wúwo ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ, ìyàtọ̀ sì hàn nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá pàápàá. Ohun ńlá ni fún ìyípadà tí kò ju ti sítóòfù lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wo ẹ̀rọ tí àwọn aláboyún náà ń gbé kiri, erukuru tí wọ́n ń fà símú ṣì kọjá ààlà WHO nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Èéfín ìlú wà nínú rẹ̀. Kò sí sítóòfù tí obìnrin kan lè rà fúnra rẹ̀ tó lè lé èéfín ìlú lọ.

Ọ̀nà kejì wà tí kò lo garawa. Ní Íńdíà, Kalpana Balakrishnan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọ ilé 617 ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì wọn èéfín inú ilé ìdáná àti ti yàrá ìgbé fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá ohun tó ń tọ́ka sí èéfín púpọ̀ nínú àwọn ohun tí ìwádìí ìjọba ti máa ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn: epo wo lẹ fi ń dáná, inú ilé ni àbí ìta, irú ilé ìdáná wo lẹ ní. Nígbà tí wọ́n rí ìsopọ̀ náà, wọ́n lè wo ìdáhùn ilé tí wọn kò wọ̀ rí, kí wọ́n sì ṣírò èéfín rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí fún odindi Íńdíà, nínú àwọn ilé tó ń lo igi, èédú tàbí ìgbẹ́ màlúù, ni máíkírógírámù 450 nínú ilé ìdáná, àti 113 nínú yàrá ìgbé. Ẹ rántí pé 5 ni ààlà. Ọmọ tó ń sùn ní yàrá, tí kò débi iná rí, ń fa ìlọ́po méjìlélógún rẹ̀ símú.

Kì í ṣe ibi tí igi ìdáná wà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, Andrew Persily àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwọ̀n orílẹ̀-èdè náà, NIST, ṣe àkójọ ilé 209 sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2006. Wọ́n yàn wọ́n débi tí wọ́n fi ṣojú nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ilé tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú ọ̀dà ògiri kan tàbí sítóòfù kan á ṣe sí afẹ́fẹ́ ilé wọn, inú ilé 209 yẹn ló ti lè dán an wò.

Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan àwa tí a ní ọmọ àti àbúrò ní Peckham àti Manchester. Níbẹ̀, òtútù ló ń jẹ́ kí wọ́n máa dí gbogbo àlàfo ilé, kí owó iná má baà pọ̀. Ó dára, ìjọba náà sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n gáàsì kan tó ń jẹ́ rádọ́ọ̀nù ń ti inú ilẹ̀ yọ sínú ilé, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2014, James Milner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòṣe ilé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé, bí wọ́n bá dí ilé láìfi ọ̀nà atẹ́gùn míì sí i, rádọ́ọ̀nù inú ilé á fi ìdá 56.6 nínú 100 pọ̀ sí i, nígbà tó bá sì dójú ẹ̀, á máa pa ènìyàn 278 sí i lọ́dọọdún. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ikú tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwòṣe nìkan ló lè fi han ẹni tó ń ṣòfin kó tó buwọ́ lùwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ ń fi tówẹ́ẹ̀lì dí ihò atẹ́gùn ara ògiri nítorí otútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

Mo padà sílé. Nàìjíríà máa ń ṣe ìwádìí ńlá lórí ètò ìlera àwọn ará ilé. Wọ́n ṣe é ní 2018, wọ́n sì tún ṣe é ní 2023 sí 2024. Wọ́n ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, wọ́n ń béèrè epo tí wọ́n fi ń dáná, wọ́n sì ń béèrè bóyá inú ilé ni, àbí ilé ìdáná ọ̀tọ̀, àbí gbangba ìta. Ìbéèrè méjì yìí ti ran ìṣirò lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í wọn ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti rí i pé sítóòfù kan náà lè jẹ́ 5 níbì kan, kó jẹ́ 69 níbòmíì, nítorí títóbi yàrá, atẹ́gùn àti wákàtí nìkan. Àwọn nọ́ńbà tí a ń kó sínú igbá fún àwọn ìyá wa, ilé ìdáná ilẹ̀ òkèèrè la ti yá ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ mi nìyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń rán sí ìgbèríko láti lọ béèrè ọ̀rọ̀. Téèpù kò wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti kí ìyá onílé, tí wọ́n sì ti fún yín láyè, ẹ wọn gígùn ilé ìdáná wọn, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ wọn gíga rẹ̀. Ẹ wọn fèrèsé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n máa ń tì í bí òjò bá ń rọ̀.